Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: títo orúkọ ní a-b-d nínú SQLite

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) àti SQLite (ètò tó ń kó dátà sínú fáìlì kan) ni mo fi ń to orúkọ àwọn ọmọ régbérégbé wa sílẹ̀ de Ojúde Ọba. Báìtì (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà) ni SQLite ń wò tó bá ń to ọ̀rọ̀, ni gbogbo Ẹ, Ọ àti Ṣ bá kó sẹ́yìn Yétúndé. Àwọn ìyá wa tó ń jẹ́ Ọláyínká ò sì gbà kí wọ́n wà nísàlẹ̀ pátápátá!

Mo ti fi create_collation (irinṣẹ́ Python tó ń jẹ́ kéèyàn fún SQLite ní òfin títo ọ̀rọ̀) kọ òfin tèmi: G ṣáájú GB, kí Gíwá lè ṣáájú Gbénga. Mo fi NFD (ọ̀nà Unicode tó ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ kúrò lára àmì rẹ̀) tú lẹ́tà palẹ̀, mo yọ àmì ohùn, mo fi àmì ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí orúkọ méjì bá yàtọ̀ ní àmì ohùn nìkan, 0 (ìyẹn ni pé wọ́n dọ́gba) ni òfin mi ń dá padà, UNIQUE (àṣẹ tí kì í jẹ́ kí orúkọ kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì) tó ń lo òfin náà á sì kà wọ́n sí ọ̀kan. Ṣé kí n fi àmì ohùn yà wọ́n níparí ni, àbí kí UNIQUE máa lo BINARY (òfin SQLite fúnra rẹ̀ tó ń wo báìtì)?

Akọ̀wé wa tún fi ètò mìíràn ṣí fáìlì náà, ó bá “no such collation sequence” (kò sí òfin títo tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀) pàdé. Mo mọ̀ pé gbogbo ìgbà téèyàn bá ṣí i la gbọ́dọ̀ forúkọ òfin náà sílẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é fún ẹni tí kì í kọ kóòdù?