Ìrànlọ́wọ́ lórí oúnjẹ alẹ́ ọdún Kérésìmesì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa oúnjẹ ọlọ́pọ̀ èrò, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Ilé wa ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta, ni ẹbí àti ọ̀rẹ́ bí 40 yóò ti jẹun ní alẹ́ ọjọ́ 25, oṣù Disẹ́ńbà. Mùsùlùmí ni àwọn àna ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń bọ̀, nítorí náà a ti bẹ Ààfáà àdúgbò kí wọ́n bá wa dúńbú ewúrẹ́. Ti ẹran ti yanjú.

Láfún ló ń kọ mí lóminú. Ìyá ọkọ mi ní àwọn kò lè jẹ ọdún nílẹ̀ Ẹ̀gbá láìrí láfún àti ewédú, mo sì gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ sí i, ojú rẹ̀ a gbẹ, a sì le kí àlejò tó jókòó. Ṣé kí n máa rò ó díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dé ni, àbí kí n rò ó ṣáájú, kí n fi ọ̀rá wé e, kí n sì kó o sínú kúlà? Ẹ̀rù ń bà mí pé omi tí ooru rẹ̀ máa ń sẹ̀ sínú ọ̀rá yóò mú kí ara rẹ̀ máa yọ̀.

Ìrẹsì Ọ̀fadà àti ata tó nírú dáadáa ni a óò fi kún un. Kóńgò mélòó ni yóò tó, nígbà tí àwọn àgbà yóò jẹ láfún? Níbo ni mo sì ti lè rí èyí tí wọ́n ti ṣa òkúta inú rẹ̀, Kútọ̀ ni tàbí Láfẹ́nwá?