Ẹ̀rín Tí Ó Ń Dun Ni: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Àwàdà Kíkorò Lórí Tẹlifíṣọ̀n Ìlú Ọba

Àwàdà tí mo fẹ́ràn jù lọ láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, èyí tí ó ń fi ogun, ikú, irọ́ ìjọba àti ìwà ìkà ọmọ ènìyàn pani lẹ́rìn-ín, síbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí a gbàgbé pé ọ̀rọ̀ náà le. Mo ti ń wò wọ́n tipẹ́, ṣùgbọ́n bàbá mi ni wọ́n jẹ́ kí n mọ ìdí tí wọ́n fi ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì tí ó wà ní Agodi, Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n wá kí wa lásìkò òtútù, tí wọn kò sì lè jáde, mo fi Yes Minister sí i fún wọn. Eré náà ti pẹ́. BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní 1980, nígbà tí Jim Hacker inú eré náà sì di olóòtú ìjọba, orúkọ rẹ̀ yí padà sí Yes, Prime Minister, èyí tí ó parí ní 1988. Antony Jay àti Jonathan Lynn ni wọ́n kọ ọ́. Paul Eddington ló ṣe Hacker, mínísítà tí ó rò pé òun ni ọ̀gá, Nigel Hawthorne ló sì ṣe Sir Humphrey Appleby, akọ̀wé àgbà tí ó mọ̀ dájú pé òun gan-an ni ọ̀gá.

Apá tí ó mú bàbá mi nàró lórí àga ni ti ilé ìwòsàn tuntun kan tí òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ lé ní 500, tí kò sì sí aláìsàn kan ṣoṣo níbẹ̀. Kò sí dókítà, kò sí nọ́ọ̀sì. Àwọn akọ̀wé, àwọn oníṣirò owó àti àwọn tí ń tọ́jú ilé ló kún ibẹ̀, ọwọ́ gbogbo wọn sì dí. Nígbà tí mínísítà lọ wò ó, obìnrin tí ó jẹ́ alábòójútó fi tayọ̀tayọ̀ mú un yíká, ó ń fi àwọn ibùsùn tí ẹnikẹ́ni kò sùn lórí wọn rí hàn án, ó sì ń fi yangàn pé ilé ìwòsàn náà wà lára àwọn tí ó lè gba ẹ̀bùn ìmọ́tótó. Bàbá mi ní kí n dá a dúró. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí fáìlì ṣe ń rìn láti orí tábìlì kan dé òmíràn, bí ọ̀gá kan ṣe lè kọ KIV (Keep in View, ìyẹn ni pé kí wọ́n ṣì fi í sílẹ̀ ná) sí etí ìwé, tí ọ̀rọ̀ náà yóò sì sùn síbẹ̀ títí ẹni tí ó kọ̀wé béèrè yóò fi fẹ̀yìn tì. Mo béèrè bóyá olè ni Sir Humphrey. Wọ́n ní, “Rárá o, kì í ṣe olè. Ó gbà tọkàntọkàn pé ohun tí òun ń ṣe ló tọ́. Irú wọn gan-an ló ṣòro jù.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé agbára eré yẹn wà nínú pé kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n ní làákàyè, gbogbo wọn ni wọ́n mọ ọmọlúwàbí í ṣe, síbẹ̀ aláìsàn kò rí ibùsùn. Àwọn tí ó kọ ọ́ kò sì kàn fi orí ara wọn rò ó: Marcia Williams àti Bernard Donoughue, tí àwọn méjèèjì ti bá Harold Wilson ṣiṣẹ́ nígbà tí ó jẹ́ olóòtú ìjọba, wà lára àwọn tí ó ń ta wọ́n lólobó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló sì dá iṣẹ́ ìjọba wa sílẹ̀, pẹ̀lú akọ̀wé àgbà rẹ̀, fáìlì rẹ̀ àti èdè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń sọ pé rárá láìsọ pé rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Agodi kò fi nílò ògbufọ̀.

Mo fẹ́ fi The Thick of It tẹ̀ lé e fún wọn, èyí tí Armando Iannucci bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ṣùgbọ́n èébú ẹnu Malcolm Tucker, ẹni tí ó ń bá ìjọba darí ìròyìn nínú eré náà, tí Peter Capaldi ṣe, lé bàbá mi wọ yàrá. Mo bọ̀wọ̀ fún ìpinnu wọn, síbẹ̀ n kò gbà pé èébú náà jẹ́ àṣejù. Lásìkò Sir Humphrey, ọwọ́ ẹni tí ó mọ ìlànà àti fáìlì ni agbára wà. Nígbà tí yóò fi tó nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ohun tí ìwé ìròyìn yóò kọ lọ́la, ìbẹ̀rù ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì fi ń ṣàkóso. Bí a bá yọ èébú kúrò lẹ́nu Malcolm, a ti yọ ìbẹ̀rù náà kúrò nínú eré.

Mo tún gba ti Brass Eye, eré tí ó ń fi ètò ìròyìn tẹlifíṣọ̀n ṣe yẹ̀yẹ́, tí Chris Morris ṣe fún Channel 4 ní 1997. Ó dá oògùn olóró kan tí kò sí láyé sílẹ̀, ó pè é ní Cake, àwọn gbajúmọ̀ sì jókòó síwájú kámẹ́rà láti kìlọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Aṣòfin kan tilẹ̀ béèrè ìbéèrè nípa rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bí a ṣe máa ń gbà kí Ẹ̀fẹ̀ fi orin bú olówó àti alágbára lójú agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu láìsí ẹni tí yóò mú un, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí ọkùnrin yìí, tí kóòtù àti táì oníròyìn jẹ́ aṣọ eégún fún.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó bá mi jà bí Blackadder Goes Forth. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ẹ ó sì rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Richard Curtis àti Ben Elton ni wọ́n kọ ọ́. Inú yàrà àwọn ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó ti wáyé, Rowan Atkinson sì ni Blackadder, ọ̀gágun tí ó ń wá gbogbo ọgbọ́n tí kò fi ní jáde lọ kú. Ní apá tí ó kẹ́yìn, tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá 1989, àṣẹ dé pé kí wọ́n jáde lówùúrọ̀. Blackadder wọ pátá sórí, ó ki pẹ́ńsù bọ imú, kí wọ́n lè rò pé ó ti ya wèrè, kò ṣiṣẹ́. Ó wá rántí pé òun ti gba ẹ̀mí Haig, olórí gbogbo ọmọ ogun náà, là rí, ó sì tẹ̀ ẹ́ láago. Ibi tí Haig dúró sí, ó ń da àwọn ọmọ ogun ìṣeré lórí máàpù rẹ̀ lulẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ kékeré gbá wọn jọ, ó sì ń dà wọ́n nù sẹ́yìn. Ìmọ̀ràn tí ó fún un ni pé kí ó ki pẹ́ńsù bọ imú, kí ó sì wọ pátá sórí.

Kí ìyẹn tó wáyé, Blackadder rán an létí ibi tí wọ́n ti pàdé: Mboto Gorge, ní Áfíríkà, ní ọdún 92. Mo dá eré náà dúró. Kò sí irú ibẹ̀ lórí máàpù kankan, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí a tọ́ dáadáa tí 1892 kì í ṣe nǹkan fún. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun àwọn baba ńlá wa ní Ìmàgbọ̀n. Àwọn tiwa ní ìbọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tiwọn kò lè dúró níwájú èyí tí ń yọ ọta bí òjò láìsinmi. Nínú apá eré kan náà, Blackadder sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ pé nígbà tí òun wọ iṣẹ́ ológun, irú ogun tí àwọn fẹ́ràn ni èyí tí ọ̀tá kò ní ìbọn nínú rẹ̀ rárá. Àfi bí àwọn ará Jámánì ṣe yọ sí wọn lójijì pẹ̀lú ohun ìjà tí ó bá tiwọn mu. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi, n kò sì mọ èyí tí ó ṣáájú nínú méjèèjì. Òtítọ́ tí àwọn àgbà wa ń sọ nílé, BBC sọ ọ́ gbangba, láìtọrọ àforíjì, láìsí àlàyé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ní ó fi máńgòrò jà nínú ìtàn Mboto Gorge náà fi hàn pé wọ́n ṣì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi rò pé àwọn ológun tí ń fi irú ogun bẹ́ẹ̀ fọ́nnu ni yẹ̀yẹ́ náà bá. A ti jiyàn lé e lórí títí, a kò sì tíì parí rẹ̀.

Ohun tí ó ń mú inú mi dùn báyìí ni pé àwọn ọmọ wa ti gba kálàmù. Gbemisola Ikumelo wà lára àwọn tí ó dá Black Ops sílẹ̀ fún BBC ní 2023, òun àti Hammed Animashaun ni wọ́n sì ṣe Dom àti Kay, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́pàá méjì ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n rán wọ àárín àwọn tí ń ta oògùn olóró nítorí pé ojú aláwọ̀ dúdú ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ikumelo gba BAFTA, ẹ̀bùn ńlá fún fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ní Ìlú Ọba, fún un ní 2024. Àwọn ọmọ mi pariwo nígbà tí wọ́n rí orúkọ tí ó jọ tiwọn lójú tẹlifíṣọ̀n, èmi sì ń wo bí ó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tí ó le pani lẹ́rìn-ín, tí ìrẹ́jẹ náà sì hàn kedere.

Bí wọ́n bá bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ kí òun tàbí ẹlòmíràn nínú wọn kọ tẹ̀ lé e, tábìlì tí wọ́n ti ń dá físà padà ni mo fẹ́: Sir Humphrey kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ó gbà tọkàntọkàn pé ohun tí òun ń ṣe ló tọ́, àti ìyá àgbà kan láti Ìjẹ̀bú-Òde níwájú rẹ̀ tí kò fẹ́ ju kí ó rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ, tí ó sì gbọ́n jù ú lọ. Bàbá mi ti ní àwọn yóò wò ó, bí kò bá ti sí èébú nínú rẹ̀.