"Ta ló jẹ́rìí?": lórí ẹ̀rí, àwárí àti oògùn ibà

Ẹ̀yin ará, òkun o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Kabba ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí ìjọba tó pinnu oògùn tí a ó máa lò tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ó máa gún fún ọmọ, iṣẹ́ ìwádìí àwọn onímọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Kí wá ni ká máa pe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá? Àbá tiwọn ni "ìlànà ẹlẹ́rìí". Àwọn mẹ́ta ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi ò lè fọwọ́ sí i, ohun tójú mi rí ló fà á.

Mo máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ògbufọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ìhà Yàgbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi wa níbí. Lọ́jọ́ kan, a lọ sí abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìsánlú, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò iwájú dìsípẹ́ńsárì. Ìwé tí wọ́n ní kí n túmọ̀ ń sọ pé kí àwọn ìyá yéé ra chloroquine fún ọmọ tí ibà bá mú. Mo kà á sókè: "Ẹ̀rí fi hàn pé oògùn yìí kò ká ibà mọ́." Ìyá àgbà kan tó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá gbójú sókè.

"Ta ló jẹ́rìí?"

Mo ní àwọn onímọ̀ ni.

"Wọ́n mọ̀ wá ni?"

Kí n tó rí ohun tí mo máa sọ, wọ́n ti gbé igbá kalẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí tiwọn bí ẹni tó wà ní ìsìn ọjọ́ ìdúpẹ́. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, oògùn kíkorò yẹn ni wọ́n fi wo gbogbo wọn. Ara a máa yún àwọn ọmọ náà títí ilẹ̀ á fi mọ́, wọn a máa fi ẹ̀yìn ha ògiri, ṣùgbọ́n ibà á lọ. Àwọn obìnrin tó kù ní "Ògo ni f'Ólúwa!" Ẹ̀rín pa gbogbo wa, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìwé ọwọ́ mi ò níyì mọ́ lójú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Ìyá yẹn ò purọ́. Ẹ̀rí ni wọ́n jẹ́ lóòótọ́, bí Yorùbá ṣe mọ ẹ̀rí: ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ dìde, ó sọ ohun tó rí. Ní kóòtù bẹ́ẹ̀ ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ ni, láàfin ọba bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀rí ò ṣe é yà kúrò lára ẹni tó jẹ́ ẹ. Tó o bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, ìyá arúgbó lo pè lópùrọ́ yẹn, ta ló sì fẹ́ ṣe irú ìyẹn lábẹ́ igi máńgòrò lójú àwọn ọmọ rẹ̀?

Ohun tó yí oògùn ibà padà ní Nàìjíríà ní 2005 yàtọ̀ pátápátá. Àwọn olùwádìí wá àwọn ọmọ tí kòkòrò ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n lo oògùn fún wọn, wọ́n sì ń padà lọ gún wọn níka, wọ́n ń wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ maikirosíkóòpù: lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ keje, lọ́jọ́ kẹrìnlá. Wọ́n ń ka iye àwọn tí kòkòrò ṣì wà lára wọn. Ọmọ lè wà tí ara rẹ̀ ti tutù lọ́jọ́ kejì, tó ti ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, tí kòkòrò sì ṣì fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ibà á tún gbé e dè kí oṣù tó parí. Ìyá rẹ̀ á ní ibà mìíràn ni. Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Nígbà tí wọ́n kà á tí àwọn tí oògùn ò ṣiṣẹ́ fún pọ̀ jù, ìjọba pa chloroquine tì, wọ́n gbé ACT wọlé, ìyẹn àwọn oògùn tí wọ́n fi artemisinin pò. (Ewé ni artemisinin ti wá o. Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà tó wá a kàn, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015, ìwé ìṣègùn àtijọ́ ìlú wọn ló sì tọ́ka ọ̀nà fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ níbí pé ewé àti ìwádìí kì í ṣọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́.)

Àbúrò wa kan ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, "àrídájú" ni ká lò. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó ti le jù. Àrídájú kì í yẹ̀. Bẹ́ẹ̀, chloroquine yìí gan-an, ìwádìí ló gbé e dé ipò tó wà tẹ́lẹ̀, ìwádìí náà ló sì gbé e kúrò níbẹ̀. Tá a bá pe ti àkọ́kọ́ ní àrídájú, kí la ó pe ìkejì? Ará ìlú á ní irọ́ ni ìjọba ń pa fún wa láti ọjọ́ yìí, wọn ò sì ní jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ tèmi ni "àwárí". A kúkú ti ní in nílé, ẹni tó bá sì gbọ́ òwe kò nílò àlàyé: àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ẹni tó ń wá nǹkan ọbẹ̀ kì í dúró dìgbà tí ẹnìkan bá wá jẹ́rìí fún un pé ata wà lọ́jà. Ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ni, tí kò bá rí i lónìí á padà lọ lọ́la. Wíwá wà nínú rẹ̀, rírí wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó ní kí a má wá òmíràn rí lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún bá "ìwádìí" tan, nítorí "wá" kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Ẹ sì wo orúkọ tí a fi ń yin Olódùmarè: Àwámárìídìí. Òun nìkan la wá ìdí rẹ̀ tí a ò rí i. Ibà ò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ yìí ti bàjẹ́ nínú ìwé iléèwé, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa pé Mungo Park ló "ṣàwárí" Odò Ọya. Ẹ̀yin Ọ̀wọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ wà ní ìhà Lọ́kọ́ja, tí àwọn baba baba yín ń pẹja nínú odò náà, ẹ ti fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ níbí rí, ẹ sì jàre. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ lò la ó bá wí, ọ̀rọ̀ ò ṣẹ̀.

Ibi kan wà tí mo ti gbà fún Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ẹ̀rí ará ìlú náà níye lórí, kí a má fi ojú tín-ín-rín wò ó. Òótọ́ ni. Ta ló nílò onímọ̀ kí ó tó mọ̀ pé sòbìà ń jà? Gbogbo ẹni tó ń mu omi odò àti omi adágún mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ àgbẹ̀ tó jókòó sílé nígbà iṣẹ́ oko, tó ń yí aràn náà mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kó má bàa já. Ẹ̀rí kún ilẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n lọ láti abúlé dé abúlé jákèjádò Nàìjíríà ní 1988 sí 1989 (Kwara ni àwa ṣì wà nígbà náà, 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀), tí wọ́n ka ẹni tó lé ní 650,000, ni ọ̀rọ̀ náà tó le létí ìjọba. Wọ́n pín aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n da oògùn sódò. Ẹni tí sòbìà mú gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, 2008 ni. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Nítorí náà, ẹ̀rí ló ń sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Kí a fi í síbẹ̀, kí a má gbé e sí ipò àwárí.

Ní ti "ìlànà", ẹnu wa kò. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń gbọ́ "la ọ̀nà": ẹnìkan ti ṣán igbó, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè gbà á. Kí ẹ sáà má jẹ́ kí àwọn oníròyìn máa pè é ní òfin. Ẹ̀rù òfin ṣì ń ba àwọn àgbà wa látìgbà wolé-wolé, tó máa ń yọjú sínú ìkòkò omi láti wá tanwíjí, tó bá sì rí i, ìwé kóòtù ló kàn. Wolé-wolé náà wà lára iṣẹ́ ìlera ìlú, ẹ jẹ́ ká rántí. Orúkọ tí wọ́n sì fún un, kò sí ìgbìmọ̀ èdè tó jókòó dá a sílẹ̀.

Ẹ fi wé bí wọ́n ṣe ń pín Mectizan, oògùn àrùn tí eṣinṣin etí odò ń kó ran ènìyàn, tó ń fọ́ni lójú. Láti 1987 ni Merck, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, ti ń fi í tọrẹ. Ta ni yóò pín in dé ahéré? Àwọn olùwádìí dán an wò ní orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà níbẹ̀: kí ará abúlé fúnra wọn yan ẹni tí yóò pín in, kí wọ́n fúnra wọn dá ọjọ́. Wọ́n rí i pé ó ń dé ọ̀dọ̀ ènìyàn dáadáa, ó sì di ìlànà. Kò sí ìwọ̀n, kò sí nọ́ọ̀sì. Ọ̀pá kan ni wọ́n fi ń wọn gíga rẹ: o dúró tì í, ibi tí orí rẹ bá dé ló ń sọ bóyá hóró kan lo máa gbé mì tàbí mẹ́rin. Àwárí nìyẹn, ó wà lára ọ̀pá, ọmọdé rí i.

Nítorí náà, "ìlànà tí a gbé ka àwárí" ni mo dì mú. Ẹni tó bá ní ó gùn jù, kó rántí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, tí kò sí ọmọ tí kò lè pè é.

Ó ku ọ̀kan tí mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀. Kí la ó pe ìgbà tí wọ́n ń lo oògùn tuntun fún àwọn kan, tí wọn ò lò ó fún àwọn kan, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra? "Ìdánwò" ni mo kọ tẹ́lẹ̀. Ọmọ iléèwé gbọ́ ọ, ó bi mí pé kí ni wọ́n á ṣe fún ẹni tó bá féèlì. Bàbá rẹ̀ ní tiẹ̀ rántí Jóòbù. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa padà sábẹ́ máńgòrò yẹn pẹ̀lú ìwé tuntun, ìyá ẹlẹ́gùúsí á sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù, kó tètè fi ránṣẹ́.