Léésà ò rí ibi tí bíìmù afárá ti sán, kí ni ká ṣe?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Tírélà ló kọlu bíìmù afárá kan, ìyẹn ọ̀pá gbọọrọ tó gbé ojú afárá ró, a sì gbé ẹ̀rọ léésà, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí nǹkan ṣe rí, síbẹ̀. Ó fi hàn kedere pé bíìmù náà ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mílímítà 14. Àmọ́ ibi tó sán lábẹ́ rẹ̀, tí mo fi èékánná ara mi tọ́, tín-ín-rín bí irun orí, kò sí nínú àwòrán rárá. Tá a bá tún gbé ẹ̀rọ sórí afárá, ọkọ̀ ńlá á kọjá, gbogbo rẹ̀ á máa gbọ̀n.

Ṣé ká fi kámẹ́rà ya ibẹ̀, ká wá so ó mọ́ ti léésà? Àbí ká dí ọ̀nà lóru? Ọ̀gá ibiṣẹ́ wa ní kí n kọ ọ́ pé kò sán. Èmi ò ní kọ ọ́ o.