Mo ń wá owó ìrànwọ́ àti ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ ojú ọjọ́ ilé-ìwé wa: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà Etí Òkun

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀.

Mo ń kọ́ sáyẹ́ǹsì nílé-ìwé girama kan ní Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ wa rí mọ̀ pé ẹrẹ̀ ni etíkun tiwa, kì í ṣe yanrìn bíi ti Èkó. Bí òkun bá ru, ńṣe ló ń gé ilẹ̀ jẹ bí ọmọdé ṣe ń gé ẹ̀kọ jẹ. Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí àwọn àgbà fi ń yangàn nígbà kan, ọ̀pọ̀ àdúgbò ibẹ̀ ló ti di omi. Nínú kíláàsì mi nìkan, ọmọ mẹ́ta ló ti kó kúrò nílé lẹ́ẹ̀mejì.

Lóṣù tó kọjá mo ń ṣàlàyé ìdí tí òkun fi ń ga: ooru ayé ń mú omi fẹ̀, yìnyín tó ti wà lórí ilẹ̀ láti ayébáyé sì ń yọ́ wọ inú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan nawọ́. "Àǹtí, ṣé ká máa kó lọ sí Òkìtìpupa ni, àbí ohun kan wà tá a lè ṣe?" Mo ní kó jókòó. Ojú tì mí títí mo fi délé.

Ni mo bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọmọ 32, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. A fẹ́ gbin igi etí omi (mangrove), àwọn tó ń ta gbòǹgbò bí ẹsẹ̀ alákàn yẹn. A fẹ́ ra táǹkì tá a ó máa gba omi òjò sí, nítorí kànga ilé-ìwé ti ń rùn fún iyọ̀. Èmi náà fẹ́ kọ́ṣẹ́ sí i, torí ohun tí mo mọ̀ kò ju ohun tó wà nínú ìwé kíláàsì lọ.

Ibo ni wọ́n ti ń rí owó irú èyí? Mo ti gbọ́ orúkọ tó pọ̀, orí mi ti dàrú. Ẹnì kan tilẹ̀ kàn sí mi lórí WhatsApp pé owó ìrànwọ́ mílíọ̀nù 5 náírà ti jáde lórúkọ mi, kí n san 35,000 owó fọ́ọ̀mù. Mo ti fi 10,000 ṣọwọ́ kí ara tó fu mí. Ẹ má bú mi.

Ọmọ Ọ̀yọ́ Mẹ́sì

A ò ní bú yín, Màá, àmọ́ 10,000 yẹn ti bá omi lọ. Ẹni tó fẹ́ fún yín lówó kì í kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹ bọ́lọ́ọ̀kì rẹ̀.

Akọ̀wé Bódìjà

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ pẹ̀lú NGO níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú rí.

Àwọn orúkọ ńláńlá tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Green Climate Fund, àpò owó àgbáyé fún ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2010, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Songdo ní Kòríà Gúúsù, kì í fún ilé-ìwé tàbí ẹnì kan lówó. Àjọ tí wọ́n ti yẹ̀ wò fínnífínní tí wọ́n sì fọwọ́ sí nìkan ni owó rẹ̀ ń gbà ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Adaptation Fund náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè máa kọ lẹ́tà sí wọn di ọdún mẹ́wàá.

Èyí tó bá yín mu ni Small Grants Programme, ètò owó kékeré ti GEF (àpò owó àgbáyé fún àyíká). Láti 1992 ló ti wà, UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ló ń bójú tó o, ẹgbẹ́ aráàlú gan-an ló sì wà fún. Tipẹ́tipẹ́ ni 50,000 dọ́là ti jẹ́ òkè téńté ohun tí wọ́n ń fún iṣẹ́ kan, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni kì í tilẹ̀ dé ibẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí. Bí wọ́n bá kéde, ẹ ní láti ti múra sílẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà rèé: ẹgbẹ́ ni wọ́n ń fún, kì í ṣe tíṣà. Kí ẹgbẹ́ tó lè dúró fúnra rẹ̀, ẹ máa forúkọ àwọn alágbàtọ́jú (trustees) sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹ óò dúró ọjọ́ 28 bóyá ẹnì kan máa takò ó. Lẹ́yìn náà ni ìwé SCUML, ẹ̀ka tó ń ṣọ́ fífọ owó ìdọ̀tí, lọ́dọ̀ EFCC. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ báńkì kò ní ṣí àkáǹtì fún NGO láìrí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni èyí ti sú.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé: ẹ má dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Ẹ wá ẹgbẹ́ tó ti ní ìwé, tó ti ní àkáǹtì, tó ní ìṣirò owó ọdún méjì mẹ́ta, kí ẹ sá sábẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́ Mẹ́sì

Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ náà wá kó owó jẹ ńkọ́?

Akọ̀wé Bódìjà

Ìyẹn náà ń ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí owó tó wọlé, ẹni mẹ́ta ni kó máa fọwọ́ sí sọ̀wédowó, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ilé-ìwé. Owó tó ti wọlé tán, ta ló fẹ́ tẹ́tí sí àdéhùn mọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́

Àǹtí, ní ti ẹ̀kọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí UN CC:Learn, ibi ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. UNITAR, àjọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ló ń gbé e lárugẹ, kọ́ọ̀sì rẹ̀ pọ̀, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń fúnni ní sátífíkéètì. Èyí tó dá lórí ìpìlẹ̀ ìyípadà ojú ọjọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ti bí èèyàn ṣe ń bá a gbé. Orí fóònù ni mo ti ṣe tèmi, mo máa ń wa ojú ewé rẹ̀ sórí fóònù lálẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára.

Bí ẹ bá ní ìwé ẹ̀rí máásítà tẹ́lẹ̀, tó sì wù yín láti tẹ̀ síwájú, ètò WASCAL wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ níbí, ìwé ọ̀mọ̀wé lórí ojú ọjọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìjọba Jámánì ló ń náwó sí i. Wọ́n ń san owó oṣù fún akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń rán an lọ sí Jámánì fún oṣù mélòó kan. Ọ̀kan náà wà ní Minna, ọ̀kan ní Abomey-Calavi lórí omi, ọ̀kan ní Lomé lórí ìjàǹbá. Ẹni mélòó kan ni wọ́n ń mú lórílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìdíje rẹ̀ le.

Alátakò Rere

Ẹ jọ̀ọ́, sátífíkéètì orí íntánẹ́ẹ̀tì kò gba òkun dúró. Ẹ̀yin ń wá dọ́là, ìjọba ń sùn. Owó ìjàǹbá àyíká tí wọ́n ń pè ní Ecological Fund ti wà láti 1981. Ta ló rí i ní Ìlàjẹ? Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n fẹ́ kó gbin igi dí òkun bí?

Akọ̀wé Bódìjà

Bùrọ̀dá, òótọ́ lẹ sọ, ògiri òkun kì í ṣe iṣẹ́ tíṣà. Ṣùgbọ́n táǹkì omi òjò ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Tíṣà tún lè fi òfin ṣe ọ̀pá ìtìlẹ́yìn: Òfin Ìyípadà Ojú Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2021 sọ̀rọ̀ nípa fífi ẹ̀kọ́ yìí sínú iṣẹ́ ilé-ìwé. Ẹ tẹ ojú ewé yẹn jáde, kí ẹ fi hàn ọ̀gá ilé-ìwé yín. Bí ọ̀gá bá rí òfin, kì í tètè sọ pé ẹ ń fi àkókò ọmọ ṣòfò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni bẹ́ ẹ ṣe máa kọ àbá yín. Mo ti jókòó nínú yàrá tá a ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òkìtì rẹ̀ wà lórí tábìlì, gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ìyípadà ojú ọjọ́ jẹ́ ewu ńlá fún gbogbo ayé." Lójú ewé kejì oorun ti ń gbé wa lọ. Ó wá kan ti àwọn obìnrin abúlé kan: "Kànga wa méjì ló ti di omi iyọ̀. Ní oṣù kẹ́ta, a máa ń rìn wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ pọnmi." Gbogbo wa jí. Àwọn ni wọ́n fún lówó. Tíṣà, ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn nípa Òkìtìpupa, òun ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ará Àjàṣẹ́

Mo kí yín láti Pọ́tònóvò o. Ní Benin àti Tógò, òkun ń bá wa jà bákan náà. Àwa wà nínú WACA, ètò Báńkì Àgbáyé fún etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti 2018, orílẹ̀-èdè 6 ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, Nàìjíríà kò sí lára wọn. Òkúta ńláńlá ni wọ́n ń tò sétí òkun. Mo kàn fẹ́ sọ pé níbi tí òkúta wà gan-an, ìgbì máa ń ṣí lọ jẹ ilẹ̀ aládùúgbò. Nítorí náà, kí Alátakò má rò pé bí ìjọba bá jí lónìí, ọ̀rọ̀ á tán lọ́la.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìgbókòdá

Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Igi tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn yẹn, igi náà la fi ń yan ẹja. Bẹ́ ẹ bá gbìn ín láìbá àwa ayanja sọ̀rọ̀, kò ní pé ọdún méjì tí wọ́n fi máa gé e. Kì í ṣe ìkà. Ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ ràn wá lọ́wọ́ láti rí ààrò tó ń jẹ igi díẹ̀, irú èyí tí àwọn obìnrin Chorkor ní Àkírà, ní Gánà, ń lò, tí wọ́n ń to àwo ẹja lé ara wọn lórí iná kan. Bí igi tá à ń dá lójúmọ́ bá dín kù, àwa fúnra wa á máa ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ gbìn.

Ẹ má sì gbìn ín síwájú òkun gbayawu, ìgbì á fà á tu lóru ọjọ́ kan. Ẹ̀bá ọ̀sà, níbi tí omi ti ń rọra lọ, ibẹ̀ ló ń gbà á. Èso rẹ̀ gùn bí àbẹ́là, orí igi ló ti ń hù kó tó já bọ́. Ẹ kó èyí tó ti ń yọ orí, ẹ rì í sínú ẹrẹ̀ kó jìn tó ìka mẹ́ta. Ẹ kò nílò dọ́là fún ìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́

Màmá, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ wá kọ́ wa ní FUTA.

Àǹtí, ohun kan tó kù: ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òjò sílẹ̀ báyìí, ẹ má dúró de owó. Ètò GLOBE ti NASA ń kọ́ àwọn tíṣà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe ń wọn òjò àti ooru, àwọn ọmọ sì lè fi èsì wọn ṣọwọ́. Wọ́n ní irú ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́ o, ìgò lásán kọ́, àmọ́ fún ìwé tiyín, ìgò tó.

Tíṣà Etí Òkun

Ẹ kú àṣálẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ti parí kọ́ọ̀sì kan lórí UN CC:Learn, mo wà lórí èkejì. Dátà mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbowó oúnjẹ, àmọ́ ó dáa. Mi ò dá NGO sílẹ̀. Ìyá tó ni ilé tí mo ń gbé jẹ́ akápò ẹgbẹ́ àwọn ayanja, wọ́n ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ láti ọdún 9 sẹ́yìn, ìwé ìṣirò wọn sì mọ́ ju ti ilé-ìwé wa lọ. (Ẹ má sọ fún ọ̀gá mi.) Wọ́n ní àwọn á gbà wá sábẹ́ àwọn bí ọ̀rọ̀ ààrò bá wọ inú àbá náà. Mo ti fi sí i, lójú ewé àkọ́kọ́.

Ìwọ̀n òjò: a gé orí ike omi kan, a dojú rẹ̀ dé sínú ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí fúnẹ́ẹ̀lì, a da òkúta wẹ́wẹ́ sídìí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, a bu omi lé e títí a fi rí ibi tí rúlà ti lè bẹ̀rẹ̀ láti 0. Ní gbogbo ọ̀sán, ọmọ méjì ló ń lọ wò ó. Lánàá 31 mílímítà. Ọmọ tó béèrè nípa Òkìtìpupa ló ń tọ́jú ìwé náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ẹlẹ́ja, ṣé mo lè mú wọn wá sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ fi èso igi yẹn hàn wọ́n?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìgbókòdá

Kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ọwọ́ mi máa dí. Ẹ wá lọ́jọ́ kejì rẹ̀, kí omi tó kún. Kí ọmọ kankan má wọ bàtà tó níyelórí wá.