Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Demon Slayer fọ́mọ ọdún 13, mo wá rí 15 lára rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Fẹ́mi, Woolwich

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ojú tó tì mí lẹ́nu ọ̀nà sinimá.

Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ọmọ mi ọkùnrin máa pé ọdún 14. Láti oṣù Keje tí fíìmù Demon Slayer tuntun, Infinity Castle, ti jáde ní Japan ni kò ti jẹ́ kí n rímú mí. Bí mo bá ń se ọbẹ̀, Infinity Castle. Bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, Infinity Castle. Èmi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ju àwòrán tó lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀ lọ: ọmọkùnrin kan tí ẹ̀wù rẹ̀ rí bíi pátákó dráàfù, àwọ̀ ewé àti dúdú, tó gbé àpótí kọ́ ẹ̀yìn, ọmọdébìnrin kan sì ń yọjú nínú àpótí náà. Mo ní ṣebí kátúùnù ni. Lálẹ́ àná mo jókòó sórí ibùsùn, mo fi fóònù ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin: tèmi, tirẹ̀, ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan. Ìgbà tí owó ti jáde tán ni mo wá rí 15 nínú róbótó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fíìmù.

Bí mo bá jókòó tì wọ́n, ṣé wọ́n á jẹ́ kí wọ́n wọlé? Bàbá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, kí ọmọ wọ jákẹ́ẹ̀tì òun, kó ní òun ti pé 15. Lóòótọ́ ó ga jù mí lọ, ṣùgbọ́n ara mi ò gbà á. Kí ló tilẹ̀ wà nínú fíìmù yìí tí wọ́n fi kọ 15 sí i? Wọ́n tún kọ "sub" sára tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ni sub?

Adé B., Birmingham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà sinimá tí mò ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Fíìmù tí wọ́n kọ 12A sí ni òbí lè mú ọmọ kékeré wọ̀. 15 ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ báà jẹ́ ìyá ọmọ, ẹ báà jẹ́ pásítọ̀ ìjọ, ọmọ tí kò bá tíì pé 15 kò ní wọlé, ẹ jókòó tì í o, ẹ ò jókòó tì í o. BBFC ló ń wo fíìmù tó ń fún un ní nọ́ńbà, òfin Licensing Act 2003 ló sì de sinimá mọ́ nọ́ńbà náà. Ìwé àṣẹ tí kánsù fún wọn ló wà nínú ewu bí wọ́n bá gbọ̀jẹ̀gẹ́. Ẹ má bínú sí ọmọ tó bá dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Ní ti jákẹ́ẹ̀tì Daddy, ẹ̀rín pa mí. A kì í wo gíga. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé bí wọ́n ti ń na tíkẹ́ẹ̀tì sí mi, màá bi wọ́n wẹ́rẹ́ pé, "Ọdún wo ni wọ́n bí ẹ?" Ẹni tó ti pé 15 lóòótọ́ á dáhùn kí n tó panu dé. Ẹni tó ń parọ́ á kọ́kọ́ wo àjà ilé, nítorí ó ń ṣe ìyọkúrò. Bí wọ́n bá tún béèrè ẹ̀rí, páásìpọ́ọ̀tù tàbí CitizenCard, káàdì tó ń fi ọjọ́ orí hàn, ni wọ́n máa fẹ́ rí. Mo ti dá ọmọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n padà rí, gúgúrú ńlá lọ́wọ́ ọ̀tún, ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá náà bú mi dé ìran kẹta.

Bàbá Tòlú, Houston

Ọ̀rọ̀ ibi téèyàn ń gbé ni o, ìyàwó wa. R ni wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà níbí, R sì gba ọmọ tí kò tíì pé 17 láyè tí òbí bá bá a wọlé. Tòlú ò ju ọdún 12 lọ, a sì jọ lọ wò ó ní ọjọ́ kejì tó jáde, 13 oṣù Kẹsàn-án. Ilé kún fọ́fọ́. Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan náà o, ó tó àádọ́rin mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n pa ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin ẹ wo àwọn ọmọ aráyé! Àgbàlagbà onírùngbọ̀n wọ ẹ̀wù dráàfù tí ẹ sọ yẹn, ó fi idà ike há ìgbáròkó. Àwọn ọmọbìnrin ṣe irun aláwọ̀ osùn àti ewé. Mo bi ọmọ mi pé ṣé egúngún ni à ń lọ wò ni. Nígbà tí iná kú tí àwòrán àkọ́kọ́ yọ, wọ́n hó yèè bí ìgbà tí Eagles gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Ẹ bi wá ohun tó wà nínú ẹ̀. Orí ń já bọ́, apá ń já bọ́, ẹ̀jẹ̀ ń tú síta. Kò sí ìhòòhò, kò sí ìṣekúṣe. Ṣùgbọ́n ó gùn! Ohun tó sì bí mi nínú ni pé ìjà á gbóná tán, idà ti dé ọrùn ẹnì kan, ẹni náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ìgbà èwe rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ pa á ká máa lọ sílé!

Moyọ̀, Manchester

Àǹtí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n Houston ò gbádùn ẹ̀ ni. Àwọn ìrántí yẹn gan-an ni fíìmù náà!

Ẹ ṣe sùúrù gbọ́ mi. Fíìmù yìí kì í ṣe ohun téèyàn ń bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Apá kìíní nínú mẹ́ta ni, ibi tí ti tẹlifíṣọ̀n parí sí ló sì ti mú un: gbogbo wọn já wọ inú ilé ẹ̀mí èṣù kan tí òkè rẹ̀ di ilẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ di ògiri. Ẹni tí kò bá wo ti tẹ́lẹ̀ á dà bí ẹni tó débi ìgbéyàwó nígbà tí wọ́n ti ń ká àga. Ti àkọ́kọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ìpín (episode) 26, ó jáde ní 2019. Ti ọkọ̀ ojú irin tẹ̀ lé e, fíìmù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ní 2020, òun ló sì gba ipò kìíní nígbà náà nínú gbogbo fíìmù tó pawó jù ní Japan. Lẹ́yìn náà ìpín 11, ìpín 11 míì, àti ìpín 8 ti 2024. Bí Fẹ́mi bá ti wo gbogbo ẹ̀, bó ṣe ń dà yín láàmú yẹn yé mi.

Sub ni pé wọ́n ń sọ Japanese, Òyìnbó wà nísàlẹ̀ fún yín láti kà. Dub ni pé wọ́n ti fi ohùn Òyìnbó rọ́pò. Ẹ wo sub.

Ìkìlọ̀ mi kan ṣoṣo: ìṣẹ́jú 155 ni. Ẹ má ra ohun mímu ńlá. Èmi ra ti ńlá, ìtọ̀ wá mú mi ní àárín gbùngbùn ìjà Zenitsu, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá ẹ̀mí èṣù jà. Mo ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mò ń gbàdúrà. Ibi tí mo wá ní kí n sáré lọ ni ibi tí [alábòójútó ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò].

Alábòójútó

Moyọ̀, a ti yọ ìlà mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Àwọn kan ò tíì wò ó níbí. Má sọ ẹni tó kú.

Moyọ̀, Manchester

Ẹ má bínú sà. Mi ò sọ pé ó kú o, mo ní ó [alábòójútó ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò].

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Osaka

Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́, mà. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé fíìmù kan náà, PG12 ni níbi tí wọ́n ti ṣe é, ìyẹn ni pé ọmọ tí kò tíì pé 12 lè wò ó tí òbí bá tọ́ ọ sọ́nà. Ọjọ́ 18 oṣù Keje tó jáde, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun àti ìyá ẹ̀, ọmọ náà gbé báàgì sórí itan, kò mira.

Kí ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wo fíìmù níbí. Ariwo Houston yẹn, èèwọ̀ ni! Ilé kún dẹ́múdẹ́mú, síbẹ̀ ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń jẹ gúgúrú ní ìlà kẹta. Nígbà tí fíìmù parí tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, èmi ọmọ Naija gbé báàgì, mo dìde. Èmi nìkan ni mo dìde. Gbogbo ilé jókòó sínú òkùnkùn títí orúkọ ìgbẹ̀yìn fi kọjá, títí iná fi tàn. Mo rọra tún jókòó bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ pariwo, àwọn fíìmù kan ní ìfihàn ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní ōen jōei, ibẹ̀ ni wọ́n ti lè máa mi ọ̀pá iná kí wọ́n sì máa ké. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ pé ìyẹn lẹ rà.

Èmi náà wà lẹ́yìn sub. Natsuki Hanae ló ń fọhùn fún Tanjiro, ọmọkùnrin ẹlẹ́wù dráàfù yẹn; ohùn tó fi ń sunkún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rọ́pò.

Bàbá Tòlú, Houston

Ẹ lọ wo dub, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé tó tún fẹ́ máa kàwé nínú òkùnkùn fún wákàtí méjì ààbọ̀, oorun ló máa sùn níbẹ̀.

Àgbà Òjẹ̀, Ìbàdàn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ o. Ìyá Fẹ́mi sọ pé ṣebí kátúùnù ni, mo rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà ò ha wo Voltron lórí NTA? Àwọn kìnnìún márùn-ún tó ń di èèyàn kan? Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti ṣe é, àwọn Amẹ́ríkà kàn gé e tún rán ni. Àwọn ìyá wa náà ń pariwo pé ká pa tẹlifíṣọ̀n, ká lọ pọnmi. Fi ọmọ náà sílẹ̀ kó fẹ́ràn ohun tó fẹ́ràn, ṣùgbọ́n má kọ́ ọ ní irọ́ pípa lọ́jọ́ ìbí ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Dagenham

Bàbá, ẹ ṣeun. Òun gan-an ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá jẹ́ kó fi jákẹ́ẹ̀tì parọ́ ọdún lónìí, lọ́la tó bá parọ́ ibi tó sùn sí fún yín ńkọ́?

Ohun tí èmi máa ṣe nìyí: ẹ wo inú ímeèlì tí wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ó sábà máa ń ní ibi téèyàn lè tẹ̀ láti dá a padà kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá ti àwọn ọmọ padà. Ẹ wá fi tiyín lọ wò ó fúnra yín. Nígbà tó bá dé orí ẹ̀rọ nínú ilé, ẹ̀yin lẹ máa pinnu, ẹ ò sì ní máa pinnu nínú òkùnkùn.

Ìyá Fẹ́mi, Woolwich

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o. Mo ní kí n wá ròyìn.

Mo dá tíkẹ́ẹ̀tì méjì padà, wọ́n san owó náà, wọ́n yọ pọ́n-ùn díẹ̀ tí wọ́n ní ó jẹ́ owó títa tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Méjì tó kù, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì la fi lọ. Fẹ́mi ò bá mi sọ̀rọ̀ láti Wẹ́dínẹ́sìdeè títí di àárọ̀ Sátidé, àfi "Good morning, mà." Mo mú òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù bowling, mo se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀.

Adé, Ọlọ́run á bù kún ẹ. A tò sórí ìlà, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta wà níwájú wa. Òṣìṣẹ́ náà gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní, "What year were you born?" Èyí àkọ́kọ́ dáhùn wàrà. Èyí ìkejì wo àjà! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ subú fún ẹ̀rín. Mo rò ó wò pé bó bá jẹ́ Fẹ́mi mi nínú jákẹ́ẹ̀tì bàbá ẹ̀ ńkọ́.

Sub ni mo wò, n ò sùn. Ní wákàtí kìíní, kò yé mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ọ́ sí mi létí títí ẹni tó wà lẹ́yìn fi ní kí a dákẹ́. Orí já, apá já, bí Bàbá Tòlú ṣe wí. Ẹ̀mí èṣù kan wà níbẹ̀ tí ara rẹ̀ kún fún ilà, ó ń fi ọwọ́ lásán jà, mo kórìíra rẹ̀ dọ́kàn. Mo ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n gé e. Alábòójútó, ẹ má yọ ọ̀rọ̀ mi, n ò ní dárúkọ. Àfi lójijì tí wọ́n fi ìgbà èwe ẹ̀ hàn: ọmọ kékeré tó ń jalè nítorí oògùn bàbá rẹ̀. Ọmọ tó rí bíi Fẹ́mi lójú mi. Lẹ́yìn ìyẹn ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọbìnrin kan tó ń ṣàìsàn, ó ń fún aṣọ tútù lé e níwájú orí. Gúgúrú wà lọ́wọ́ mi, n kò rántí jẹ ẹ́ mọ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní gbogbo òru nìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀. Mo sunkún débi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi yọ ìborùn rẹ̀ fún mi.

Bàbá Tòlú, ẹ̀yin lẹ ò gbádùn ẹ̀.

Fíìmù parí, mo rántí ará Osaka, mo jókòó. Ìlàjì ilé dìde, àwa yòókù jókòó sínú òkùnkùn a ń gbọ́ orin.

Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé Fẹ́mi ti gbọ́ pé mo ti wò ó. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì láti ìrọ̀lẹ́ àná. "Mummy, who died?" N ò dá a lóhùn. "Mummy, at least tell me if Tanjiro—" Mo ní kó lọ fọ abọ́. Ó ti fọ abọ́, ó ti gbálẹ̀, ó ti da pàǹtí nù láìjẹ́ pé mo rán an. Ó tún ti padà dúró síbẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ eléyìí.