Oògùn ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: ṣé dandan ni kí aláìsàn ké kí wọ́n tó fún un ni?

Ìyá Sùlè, Ìlọrin: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún màámi nílùú Ìlọrin ńbí, egungun itan ló kán, iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa Alhamdulillahi àmọ́ ìrora tí wọ́n jẹ lóru yẹn kọjá sísọ. Abẹ́rẹ́ tá a rà wà nílẹ̀ o, nọ́ọ̀sì ní PRN ni dókítà kọ, àfi tí wọ́n bá béèrè. Màámi ò sì ní béèrè, ẹ mọ àwọn àgbà wa, wọ́n á kàn di irin bẹ́ẹ̀dì mú máa fa tẹ̀súbáà, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n wọ́n á ní "ó ti ń rọlẹ̀". Báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe é gan-an?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà: Ẹ pẹ̀lẹ́ ma, Ọlọ́run á fún màmá lálàáfíà. Ó yẹ kí wọ́n kọ aago sí i ni, ìyẹn wákàtí tí wọ́n á máa fún wọn lóògùn yálà wọ́n béèrè tàbí wọn ò béèrè. Láti 1986 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ń sọ ọ́ fáwọn tó ní jẹjẹrẹ pé aago ni ká tẹ̀lé, ká má dúró kí ìrora padà dé, ọ̀rọ̀ yẹn sì bá ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ mu. Parasítámọ́ọ̀lù fún àgbàlagbà tára ẹ̀ gbà á, 1g ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kò gbọ́dọ̀ ju 4g lọ lójúmọ́, PRN á wá wà fún èyí tó bá yọ láàárín. Tí wọ́ọ̀dù bá kún lóru tí nọ́ọ̀sì ò pọ̀, ohun tó bá ní aago lórí ṣáàtì la máa ń rántí fún aláìsàn. Ẹ má bi màmá pé ṣé ó ń dùn wọ́n, ẹ ní kí wọ́n yíra padà kí wọ́n húkọ́, kẹ́ ẹ wo ojú wọn.

Apòògùn Òmù-Àrán: Òótọ́ ni. Ẹ̀rù mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára yẹn, náà wà ńbẹ̀, wọ́n ń bẹ̀rù pé á di bárakú, pé aláìsàn ò ní mí dáadáa. Ká máa ka bí wọ́n ṣe ń mí, kí naloxone tó ń tú agbára mọ́fíìnì wà nítòsí, ìyẹn sàn ju ká fi ẹni ẹlẹ́ni sínú ìrora lọ. Diclofenac, oògùn ìrora mìíràn, ni kí wọ́n ṣọ́ra fún lára àgbà tí kídìnrín ẹ̀ ò dáa. Èmi ì bá fẹ́ kí ọsibítù tẹ ìwé kan tí iye oògùn, aago àti òdiwọ̀n ìrora láti 0 dé 10 máa wà lórí ẹ̀, kí wọ́n máa kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìfúnpá.

Ìyá Sùlè, Ìlọrin: Ẹ ṣé gan-an. Tí dókítà bá dé láàárọ̀, ṣé mo lè ní kí wọ́n kọ aago sí i, kò ní jọ àfojúdi?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà: Ẹ sọ ọ́ ma, kẹ́ ẹ sì dúró kí wọ́n kọ ọ́ lójú yín.